Kí Ló Dé Tí Àgùàlà Kò Ní Òṣùpá?

Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí lóṣù tó kọjá pé a óò parí ọ̀rọ̀ òǹkà, pé n óò ṣàlàyé àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún fún ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi mọ nọ́ńbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé mi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni. A ń bá màmá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, fídíò la fi ń wo ara wa. Àwọn wà ní Ìjẹ̀bú, àwa wà níbí ní ìlú ọba. Àbíkẹ́, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé fóònù lọ sójú fèrèsé kó lè fi òṣùpá tiwa han ìyá àgbà. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni lọ́jọ́ náà, ó tín-ín-rín bí èékánná, ìràwọ̀ ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń tàn yanran. Màmá náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní àwọn náà ń rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àgùàlà nìyẹn, Àbíkẹ́ mi. Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n rò pé ajá rẹ̀ ni."

Bí a ti pa fóònù tán, ọmọ yíjú sí mi. "Mọ́mì, ṣé Venus ni Àgùàlà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣùgbọ́n Venus ò ní òṣùpá kankan. Wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé. Kí ló dé tí àwa ní, tí Venus ò ní?"

Ká sòótọ́, ó ti rẹ̀ mí, aṣọ ilé ìwé ò tíì di lílọ̀. Mo ní, "Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó yá, lọ fọ ẹnu rẹ." Ó lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́: ó ní òun máa bi tíṣà òun, torí pé irú ìbéèrè yẹn kò ṣeé dáhùn ní Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ ojú ewé yìí, tí mo ń sọ fún yín pé kí ẹ má jẹ́ kí èdè wa di èdè "wá jẹun" àti "lọ sùn" nìkan, ọmọ tèmi wà nílé tó ti gbà pé ibi tí Yorùbá mọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe èdè ni kò tó o. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n. Mo fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kàwé lálaalẹ́, lẹ́yìn náà mo pe ọmọ jókòó sí ilé ìdáná. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ lè rí i sọ fún àwọn tiyín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. Ẹ mú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹ ní ayé wa nìyí. Ẹ wá mú ọsàn kékeré kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ẹ ní òṣùpá nìyí. Ẹ sọ fún ọmọ pé kó gbé òṣùpá síbi tó yẹ kó wà. Gbogbo ọmọ ló máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ó ṣe wà nínú àwòrán ìwé wọn. Irọ́ ni àwòrán yẹn. Bí ẹ bá to ọgbọ̀n bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibi tí wọ́n bá parí sí ni òṣùpá wà. Nínú ilé tiwa, bọ́ọ̀lù wà lẹ́bàá sítóòfù, ọsàn sì dé ẹnu ọ̀nà ìta. Ní ojú ọ̀run gan-an, kìlómítà 384,400 ni.

Àwọn plánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó jẹ́ àpáta ló súnmọ́ oòrùn jù: Mercury, Àgùàlà, ayé wa àti Mars. Mercury kò ní òṣùpá. Àgùàlà kò ní. Mars ní méjì, Asaph Hall ló rí wọn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1877, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín. Èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní Phobos, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 22 lọ. Òṣùpá tiwa fẹ̀ tó kìlómítà 3,474, ìyẹn ju ìdá mẹ́rin fífẹ̀ ayé lọ díẹ̀. Bí ayé bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, hóró iyanrìn kan ni Phobos. Mo mú iyanrìn kan nínú ìkòkò òdòdó, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ. Ó wò ó, ó wo ọsàn, ó ní, "Tiwa ti tóbi jù."

Ó tóbi jù lóòótọ́. Ibẹ̀ sì ni ìbéèrè wà.

Nígbà àtijọ́, ìtàn mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ ń sọ nípa bí òṣùpá ṣe dé ẹ̀gbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀, torí ó tètè máa ń yé ọmọ. Ìtàn kìíní ní ọmọ bíbí inú ayé ni. George Darwin, ọmọ Charles Darwin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ló sọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1879: ayé ń yí bí òkòtó nígbà tó ṣì rọ̀, eré náà wá pọ̀ débi pé apá kan já kúrò lára rẹ̀, òun ló di òṣùpá. Ìtàn kejì ní àlejò ni, ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, ayé fi òòfà rẹ̀ mú un, kò sì jẹ́ kó lọ mọ́. Ìtàn kẹta ní ìbejì ni wọ́n, ibì kan náà ni wọ́n ti jọ dàgbà látinú eruku.

Kò sí èyí tó dúró. Bí ẹ bá ṣírò eré tí ayé àti òṣùpá ń sá báyìí pọ̀, kò tó ohun tí òkòtó Darwin nílò. Àlejò tó ń sáré kọjá kò lè ṣàdédé dúró láìsí ohun tó mú un dẹ ẹsẹ̀. Ní ti ìbejì, irin ló tú àṣírí. Irin tó wà ní àárín ayé tó bí ìdá mẹ́ta gbogbo ìwúwo ayé. Ti òṣùpá kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Ìbejì wo ni ọ̀kan máa ní irin tó bẹ́ẹ̀, tí èkejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní?

Láàárín ọdún 1969 sí 1972, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn ará Amẹ́ríkà balẹ̀ sórí òṣùpá, wọ́n sì kó òkúta àti erùpẹ̀ tó tó kílò 382 bọ̀ wálé. Àwọn òkúta yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ mọ̀ pé oxygen tí à ń mí sínú tún wà nínú òkúta. Oríṣi mẹ́ta ló wà, ọ̀kan wúwo ju ọ̀kan lọ, bí wọ́n sì ṣe pò pọ̀ mọ́ra yàtọ̀ láti plánẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn. Mo sọ fún Àbíkẹ́ pé kó ronú nípa ìlà ojú bàbá bàbá mi nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀. Ẹni tó bá mọ ìlà máa mọ ìlú tí ènìyàn ti wá kó tó la ẹnu. Òkúta tó já bọ́ láti Mars ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlà òkúta òṣùpá sì bá ti ayé wa mu bí ẹni pé olóòlà kan náà ló kọ wọ́n.

Ẹbí ni wọ́n, nígbà náà. Ṣùgbọ́n irin kò sí. Àwọn nǹkan tó tètè máa ń fò lọ bí iná bá rà wọ́n, bíi potassium, náà sì kéré lára òkúta òṣùpá, bí ìgbà tí ó ti inú iná jáde. Òkúta funfun tó bo òṣùpá lójú tún fi hàn pé gbogbo rẹ̀ ti yọ́ rí, tí èyí tó fúyẹ́ wá léfòó bí òróró ṣe ń léfòó lójú ọbẹ̀.

Lọ́dún 1975, William Hartmann àti Donald Davis gbé èrò kan jáde tó dáhùn gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ìjàǹbá ló fà á. Ní nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé kò tíì dàgbà tán, plánẹ́ẹ̀tì kan kọ lù ú. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó tó Mars. Theia ni wọ́n padà wá sọ ọ́, orúkọ ìyá òṣùpá nínú ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Kò kọ lu ayé ní gbọ̀ngbọ̀n oríkèé, ẹ̀gbẹ́ ló ti gbá a.

Ọ̀rọ̀ irin ńkọ́? Níbí, ẹ gbé gàrí wá. Mo bu gàrí sínú abọ́, mo da omi sí i, a jọ ń wò ó. Gàrí rì, èèpo rẹ̀ léfòó. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí kí Theia tó dé: ó ti yọ́, irin tó wúwo ti rì lọ sí àárín, òkúta fúyẹ́fúyẹ́ wà lókè. Mo ní kí ọmọ fi ọwọ́ gbá ojú omi náà láti ẹ̀gbẹ́. Omi àti èèpo ta sí gbogbo orí tábìlì. Gàrí tó wà nísàlẹ̀ kò kúrò lójú kan. Nígbà ìjàǹbá yẹn, òkúta ló ta sókè, irin ayé dúró síbi tó wà, irin Theia pàápàá sì rì wọlé láti lọ bá a. (Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe èyí. Èmi kò tẹ́ ẹ.)

Ohun tó ta sókè kò fò lọ tán. Òòfà ayé dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró, ó wá ń yí ayé po bí àwo ńlá kan tó gbóná janjan, òkúta yíyọ́ àti ooru òkúta ló pò pọ̀. Bó ṣe ń tutù, ó ń dì. Èyí tó súnmọ́ ayé jù kò ráyè dì, torí òòfà ayé ń fà á ya. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí kìlómítà 18,000 sí àárín ayé, àwọn ègé bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra wọn, kékeré lẹ̀ mọ́ kékeré, ńlá ń fa kékeré, títí ó fi di òṣùpá. Ní ti bó ṣe pẹ́ tó, ẹnu kò kò. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ ọdún, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ oṣù. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Durham níbí fi kọ̀ǹpútà ńlá ṣe ìjàǹbá náà, wọ́n sì rí i pé ó lè ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Àbíkẹ́ fẹ́ràn ti wákàtí díẹ̀. Ó ní kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán.

Mo rò pé mo ti parí ni. Ọmọ wá ní, "Tí ẹni tó gbá wa bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwa náà sì tóbi, ṣé òṣùpá wa ò ní tóbi sí i?"

Bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn kí n tó kàwé. Ẹni tó bá tóbi ló yẹ kó ní púpọ̀, àbí? Miki Nakajima, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 2022, ohun tí wọ́n sì rí yàtọ̀ pátápátá. Bí plánẹ́ẹ̀tì bá ṣe tóbi tó ni ìjàǹbá rẹ̀ ṣe máa le tó, tí ooru rẹ̀ máa pọ̀ tó. Lára plánẹ́ẹ̀tì tó tó ayé wa, apá kan ohun tó ta sókè di ooru, apá kan ṣì jẹ́ òkúta yíyọ́. Ṣùgbọ́n bí plánẹ́ẹ̀tì àpáta bá ti wúwo ju ìlọ́po mẹ́fà ayé lọ, gbogbo ohun tó ta sókè ló máa di ooru, àfi gáàsì nìkan.

Kí wá ni gáàsì máa ṣe fún òṣùpá tó fẹ́ di? Ẹ rántí bí ènìyàn ṣe ń rìn nínú odò tí omi mu ún dé ìbàdí. Ẹ fẹ́ sáré, omi ń dá yín dúró. Ègé òkúta tó bá dì nínú gáàsì yẹn ń sáré ju gáàsì náà lọ díẹ̀, nítorí náà ńṣe ni atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lójú ní gbogbo ìgbà. Eré rẹ̀ ń dínkù. Bí eré bá dínkù, plánẹ́ẹ̀tì á fà á wálẹ̀, á sì já padà sínú ibi tó ti jáde kó tó rí àyè tóbi. Òmíràn á dì, òun náà á já bọ́. Nígbà tí gáàsì bá fi máa tutù tán, ohun tó kù kò ní í tó mọ òṣùpá ńlá. Fún plánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé yìnyín ló pọ̀ lára rẹ̀, kò tilẹ̀ nílò ìlọ́po mẹ́fà. Tó bá ti ju ìwọ̀n ayé wa lọ, ọ̀rọ̀ ti parí, torí yìnyín tètè ń di ooru ju òkúta lọ.

N kò mọ̀ bóyá ó rí lára yín bó ṣe rí lára mi. Àwọn onímọ̀ ti rí plánẹ́ẹ̀tì tó ju 5,000 lọ tó ń yí àwọn ìràwọ̀ mìíràn po, púpọ̀ nínú wọn ló sì tóbi ju ayé lọ. A máa ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn bí ẹni pé ayé wa kàn jẹ́ ọmọ kékeré láàárín àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹnì kan tó rí òṣùpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkankan nínú wọn tí gbogbo onímọ̀ fi ọwọ́ sí. Ohun tí Nakajima ń sọ ni pé kí àwọn tó ń wá a lọ wò ó lára àwọn kékeré, àwọn tí fífẹ̀ wọn kò ju ti ayé lọ ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ àti díẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn kékeré yẹn gan-an ló le láti rí jù.

"Ó dáa," ni ọmọ wí. "Ṣùgbọ́n Venus ò tóbi jù wá lọ."

Ṣé ẹ rí i? Ọmọ kì í gbàgbé ìbéèrè. Fífẹ̀ Àgùàlà jẹ́ kìlómítà 12,104, tiwa jẹ́ 12,742, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Títóbi kọ́ ló fà á. Ẹ jẹ́ ká padà sórí òkòtó.

Ayé wa ń yí lójú kan ní wákàtí 24. Òṣùpá ń yí wa po ní ọjọ́ 27 àti díẹ̀. Ayé yára ju òṣùpá lọ. Òòfà òṣùpá ń mú kí omi òkun wú sókè, ayé tó ń sáré sì ń gbé omi wíwú yẹn ṣíwájú òṣùpá díẹ̀. Omi náà wá ń fa òṣùpá síwájú bí ẹni tó di ọwọ́ ọmọ mú tó ń wí pé "yára." Òṣùpá á wá máa jìnnà sí i. Sẹ̀ǹtímítà 3.8 ló fi ń jìnnà lọ́dọọdún. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé àwọn tó lọ síbẹ̀ fi dígí sílẹ̀, wọ́n sì ń tan iná léésà sí i láti ayé, wọ́n ń ka àkókò tó fi ń padà dé.

Tó bá wá jẹ́ pé òṣùpá ló yára ju plánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ ńkọ́? Plánẹ́ẹ̀tì á máa fà á sẹ́yìn, á sì máa súnmọ́ ilẹ̀. Phobos ti Mars wà nínú ìṣòro yẹn báyìí. Kò tó wákàtí mẹ́jọ tó fi ń yí Mars po, bẹ́ẹ̀ Mars fúnra rẹ̀ nílò ju wákàtí 24 lọ láti yí lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún, Phobos ń fi nǹkan bíi mítà méjì súnmọ́ Mars, ọjọ́ kan á sì fọ́ tàbí kó já lù ú.

Àgùàlà ló wá burú jù. Ọjọ́ 243 ti ayé wa ló fi ń yí lójú kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ló tún ń yí sí. Òkòtó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ni. Kò sí bí òṣùpá kan ṣe máa rí ẹni fà á síwájú níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí Àgùàlà náà, pé bóyá ó tilẹ̀ ní òṣùpá rí, tó wá ń yí sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi já padà sínú rẹ̀.

Àbíkẹ́ la ojú. "Àgùàlà jẹ òṣùpá rẹ̀?"

Mo ní àwọn kan rò bẹ́ẹ̀. Yorùbá la fi sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yàtọ̀ sí orúkọ àwọn plánẹ́ẹ̀tì àti oxygen, potassium àti irú wọn. N kò bi í bóyá ó kíyè sí i.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò jẹ́ kí n kí màmá mi tán kó tó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti Theia, ó sọ ti gàrí, ó sọ ti òkòtó. Màmá ń sọ pé "Hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní ṣé òun náà mọ òkòtó ni? Ó wá dé ibi tó ń lọ.

"Grandma, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá o. Plánẹ́ẹ̀tì ni. Ó tóbi ju òṣùpá lọ gan-an. Ó kàn jìnnà ni, ìdí nìyẹn tó fi rí kékeré."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àbíkẹ́, ṣé èmi ní ajá ni? Mo ní wọ́n *rò* pé ajá rẹ̀ ni."